Ta Ló Ní Mo Ta Ohùn Adẹ́mu Massè?

Irọ́ ni! Kí Wàídì wá tún un sọ lójú mi! Èmi Tàjú, ọmọ Ìgànná pọ́ńbélé, èmi tí mo ń gun ọ̀kadà kọjá nínú ẹrẹ̀ tí tírélà ń rì sí, èmi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pè ní ọ̀gá, èmi ni Wàídì jókòó ní gáréèjì tó ń pè ní olè ohùn? Ó ní mo ń ta ohùn àwọn arúgbó fún òyìnbó ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní mo ti ta ti bàbá adẹ́mu kan ní Massè, pé bàbá náà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wàídì tí a jọ kọ́ iṣẹ́ táyà, tí kò lẹ táyà kan rí kó má jò kó tó dé ìta! Tí ohùn bá ṣeé tà, ṣebí tiẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé lọ sọ́jà, torí ohùn rẹ̀ pọ̀ ju làákàyè rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa rà á?

Ìyá mi, ẹ má bínú pé ìjà ni mo fi ṣílẹ̀kùn. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà orí ẹní. Mo kí Bàbá Àgbà lórí ìjókòó wọn níwájú ilé, mo ní kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn wọ inú òjò. Mo kí Àǹtí Múlíkà tí wọ́n ń pọ̀n mí nígbà tí ẹ bá lọ oko, tí mo ń fa irun wọn já. Gbangba ni mo ní kí wọ́n ti ka lẹ́tà yìí fún yín, torí gbangba náà ni Wàídì ti bà mí jẹ́. Odíìlì ló ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ máa mọ̀ ọ́n tó bá yá. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé púráímárì fọ́ọ̀ lèmi àti ilé ìwé ti pínyà, a ò sì tíì bá ara wa làjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí ṣe rí. Massè ni mò ń gbé, abẹ́ Adja-Ouèrè ló wà. Oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, ọ̀pẹ, ọ̀pẹ, ọ̀pẹ. Ilẹ̀ ibí dúdú, tí òjò bá ti rọ̀ ó di gọ́ọ̀mù. Ọ̀kadà mi máa ń wọlé tòun ti ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òjò ọdún yìí ò sì mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa sinmi. Èrò ni mò ń gbé, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní zémijàn níbí. Tí kò bá sí èrò, mo ń ta kpayo, epo ọkọ̀ inú ìgò, lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, èmi nìkan sì ni ọ̀gá, èmi nìkan ni ọmọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ kẹta ló wá di ọ̀rọ̀.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ni ní yunifásítì wọn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Màdáàmù ni gbogbo ayé ń pè é. Ó kúrú, ó ń wọ bàtà rọ́bà, kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Ohun tó ń kọ́ wọn ni bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi ti rín in tán. Mo bi í pé ṣé èèyàn ń san owó ilé ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lanu? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní apá kan ń jẹ́ fonetíìkì, ìyẹn ni bí ètè, ahọ́n, eyín àti ọ̀fun ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kí ìró tó jáde. Apá kejì ń jẹ́ fonolojí, ìyẹn ni bí àwọn ìró yẹn ṣe ń gbé pọ̀ nínú èdè kan, èyí tó lè jókòó ti ìkejì, àti èyí tí kò gbọdọ̀ rí ìkejì sójú. Mo ní ilé olórogún nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa lò ó ní kíláàsì. Ẹ ti gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹnu Tàjú ti wọ yunifásítì. Kí Wàídì lọ kọ ọ́ sára ògiri.

Ó máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sí abúlé kí wọ́n wá gbọ́ bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ Yorùbá tiwọn, torí kò rí bákan náà pẹ̀lú tiwa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ní kí kálukú fọwọ́ kan gògóńgò, kí wọ́n ní “aaa” kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń gbọ̀n, kí wọ́n wá ní “sss” kí wọ́n rí i bó ṣe ń dákẹ́. Géńdé ọkùnrin, àwọn ọmọge, wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n di ọ̀fun ara wọn mú. Ìyá kan tó ru ẹ̀gẹ́ kọjá ní kí Ọlọ́run dá àwọn ìyá tó rán wọn níwèé lóhùn.

Èmi ni mò ń gbé wọn káàkiri. Nígbà tó yá, mo di Ọ̀gá Ìdákẹ́jẹ́. Oyè ni o! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn yẹn, kò sí ohun tí kò gbọ́. Ó ń gbọ́ adìẹ, ó ń gbọ́ ewúrẹ́, ó ń gbọ́ ìyàwó tó ń bú ọkọ nílé kejì. Èmi ni mo máa fi ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri yàrá, mo máa lé adìẹ, mo máa bẹ ìyàwó kó dá èébú dúró díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ pa fóònù rẹ̀. Kì í ṣe kó kàn ní kó má dún o. Kó pa á kú. Torí bí kò bá dún pàápàá, ó máa ń ṣe tiri-tiri-tiri nínú ẹ̀rọ náà. Mo pa fóònù tíṣà, mo pa ti kátíkísì. Ẹni tó bá jiyàn, mo máa ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Ẹni tí mo mú wá fún Odíìlì ni bàbá onílé mi, Bàbá Ògúndélé.

Ìyá mi, ẹ gbọ́ ìtàn bàbá yìí dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Adẹ́mu ni. Ní Massè níbí, adẹ́mu kì í kàn gun ọ̀pẹ bí ẹni gun àkàbà. Balùwẹ̀ ibí ò ní òrùlé, ẹni tó bá sì wà lórí ọ̀pẹ ń rí gbogbo àgbàlá. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kígbe kó tó gùn ún, tó bá sì débẹ̀ tán kó tún kígbe pé “Mo wà lókè o!” Àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ á fa aṣọ bora, wọ́n á dáhùn pé “A gbọ́ o!” Adẹ́mu tó bá gun ọ̀pẹ láìkígbe, wọ́n á gba igbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gun ọ̀pẹ kankan mọ́ láàárín ìlú. Igbe Bàbá ló ròkè jù. Wọ́n ní tó bá kígbe ní Massè, Oko-Akarè ń fa aṣọ bora. Àbùmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bí mi, ẹ mọ̀ pé èmi kì í kọ àbùmọ́ tó bá dáa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó fún mi ní yàrá. Wọ́n ní àwọn ò mọ ilé bàbá mi. Ọ̀kadà mi wá rì, mo ń bú u, mo ń bú ẹni tó ṣe é, mo ń bú ilẹ̀. Ohùn kan wá láti ojú ọ̀run. Ó ní ìwọ ọmọkùnrin, rọra, ilẹ̀ tí ò ń bú yẹn, èmi ni mo ni í. Mo kúnlẹ̀! Mo rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ni. Àṣé Bàbá ni, lórí ọ̀pẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi ti ọ̀kadà, ó mú mi relé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹmu ńkọ́? Ìyá mi, Áfáà àdúgbò yín ń gbọ́. Mi ò fẹnu kàn án. Tí ẹ bá gbọ́ pé mo fẹnu kàn án, òùngbẹ ló ṣì mí lọ́nà.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé yunifásítì ń wá ohùn, ó fọ aṣọ funfun rẹ̀. Mo ní Bàbá, ohùn yín máa jókòó ní yunifásítì, àwọn ọmọ tí kò tíì délé ayé máa jókòó níwájú rẹ̀. Èmi ni mo ṣèlérí yẹn, kò sẹ́ni tó rán mi. Bàbá sọ fún gbogbo ìlú.

Màdáàmù ti kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹnu wọn ló máa sín jẹ. Àwòrán ni kí wọ́n máa fi hàn án. Odíìlì gbé àwòrán ewúrẹ́ síwájú Bàbá, ó ní Bàbá, kí nìyí? Bàbá ní ta ló ni ín? Odíìlì ní kò sẹ́ni tó ni ín, Bàbá, kí ẹ ṣáà sọ ohun tó jẹ́. Bàbá ní ewúrẹ́ tí kò lólúwa, òun ò ní fẹnu òun sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní òun ló jí i gbé. Ó gbé àwòrán ọkọ́ wá, Bàbá wò ó, ó ní ọkọ́ yìí ò mú, ẹ gbé e lọ pọ́n. Èmi Ọ̀gá Ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀rín mi ló ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Òjò ló ba ti ọjọ́ kejì jẹ́, torí páànù ni wọ́n fi bo ilé náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí, títí iṣẹ́ fi parí.

Ohùn Bàbá ti ń há láti ìgbà ọyẹ́. Mi ò ní parọ́, gbogbo wa la gbọ́ ọ. A ní eruku ni. Ìyá Àgbà ń fún un ní orógbó jẹ. Igbe rẹ̀ lórí ọ̀pẹ ti ń kúrú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ṣì ń gbọ́, ta ló máa wá ka gígùn igbe?

Màdáàmù wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ìyá mi, tí ẹ bá rí obìnrin yẹn níbi iṣẹ́! Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń bo etí sétí, ó dijú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró bí ẹni tó ń dúró de adájọ́. Ó gbọ́ ti obìnrin kan ará Kpoulou, ó ní Odíìlì, ìwọ lo kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ yìí, mo gbọ́ ẹ níbẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ìdáhùn fún ọ̀rẹ́ nínú ìdánwò. Padà lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Odíìlì sunkún. (Ó ní òun ò ní tẹ ìyẹn. Mo ní tẹ̀ ẹ́.) Ó wá kan ti Bàbá. Màdáàmù gbọ́ díẹ̀, ó dá a padà, ó tún gbọ́. Ó la ojú. Ó ní ẹ mú mi lọ rí bàbá yìí.

Ó kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ní “aaa” títí èémí rẹ̀ fi máa tán. Bàbá gbọn aṣọ rẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ. Ohùn náà gbéra, ó sì já. Bí igbà ṣe ń já. Ó tún un ṣe, ó tún já. Màdáàmù bi í bóyá oúnjẹ ń há a lọ́fun, bóyá ó ń tu ẹ̀jẹ̀. Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà ló dáhùn látinú yàrá, ó ní ó ń tu ú, ó rò pé nítorí òun ò ríran, òun ò mọ̀.

Nígbà tí a jáde, Màdáàmù ní òun kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀fun lòun ti ń gbọ́ látìgbà tóun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí kì í ṣe ogbó, kì í ṣe eruku. Ó ní ká gbé e lọ ọsibítù kíá. Ó sì ní kí Odíìlì yọ ohùn Bàbá kúrò nínú ìwé tó fẹ́ fi jáde, torí àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe Massè.

Inú bí mi. Mo ní ẹ gba tèmi dípò, ṣebí èmi náà ti ń sọ ọ́ bíi tiwọn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé àjèjì ni mí. Ó ní ó dáa, sọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, apá Ìgànná. Ẹ̀rù bà mí! Mo ní ta ló sọ fún yín? Ó ní ẹnu mi ni. Ó wá ní ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ níbí, pé ẹnu mi ti kúrò nílé, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú mi.

A gbé Bàbá lọ ọsibítù ní Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ ibí, wọ́n ní ká gbé e lọ Kútọnu. Wọ́n fi nǹkan tó ní iná wo inú ọ̀fun rẹ̀. Dókítà ní nǹkan burúkú kan ti jókòó lé gògóńgò. Ó ní àwọn máa gé gbogbo gògóńgò náà kúrò, Bàbá á máa mí láti ihò kan lọ́rùn, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Tí wọn ò bá gé e, nǹkan náà á dí èémí rẹ̀. Ó dá ọjọ́ fún wa. A forí lé ilé. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mo ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, mo ń sọ̀rọ̀ táyà.

Ibẹ̀ ni irọ́ Wàídì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, kò ní ọpọlọ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Massè ló ní kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, ṣé Bàbá Ògúndélé kì í kígbe lórí ọ̀pẹ ni? Wọ́n ní ẹ̀rọ náà mu ohùn rẹ̀ bí ẹni mu ẹmu, ó mu ún kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Wọ́n ní àjèjì tó mú wọn wá ló gbowó ẹ̀. Dírébà kan tó ń ná Ìgànná gbọ́ ọ, ó gbé e délé fún yín, Wàídì gbà á, ó fi iyọ̀ sí i.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń gun ọ̀kadà mi mọ́. Kpayo mi wà nínú ìgò, òjò nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá àgbàlagbà tí mo ń bá ṣeré, tí wọ́n ń pè mí ní ọkọ mi, tí wọ́n bá rí mi lókèèrè wọ́n á fi aṣọ bo ẹnu. Ibi tí mo bá dé, ó máa pa lọ́lọ́. Ẹ wò ó, Ọ̀gá Ìdákẹ́jẹ́! Iṣẹ́ mi ti wọ̀ mí lára. Mi ò lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ lóṣù yìí, Ìyá mi, ẹ má wo ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo pè yín. Mo ní kí n ṣáà gbọ́ ohùn ẹnì kan tí kò ní dákẹ́ tó bá gbọ́ tèmi. Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní ta nìyẹn? Mo ní èmi ni. Ẹ ní èmi wo? Mo ní Tàjú. Ẹ ní Tàjú tiyín kì í sọ̀rọ̀ báyìí, pé gbájúẹ̀ ni mí, kí n lọ wá ìyá ẹlòmíràn jí lówó. Ẹ pa á. Ẹ ṣeun, Ìyá mi, báyìí ló yẹ kí wọ́n máa ṣe fún gbájúẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Bàbá bí àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín.

Òun náà ní tiẹ̀. Ìyá Àgbà ò ríran, ohùn ló fi mọ ọkọ rẹ̀. Bàbá wá ń kọ́ ọ, ó máa jáde síta, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu akèrègbè ẹmu, kó! kó!, á wọlé. Ó fẹ́ kí ìyẹn di ohùn òun. Ìyá Àgbà máa ní ta nìyẹn? Á tún jáde, á tún lù ú. Ní ọjọ́ kan Ìyá Àgbà ní ẹ̀yin bàbá yìí, ẹnikẹ́ni ló lè lu akèrègbè. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà mi lọ bá Màdáàmù ní ilé tí wọ́n wọ̀ sí ní Adja-Ouèrè. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi kì í bẹ èèyàn, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní mo ti ṣèlérí fún bàbá arúgbó. Ó ní òun ò lè fi sínú ìwé Odíìlì, irọ́ ni yóò jẹ́. Ó ní kí n dìde. Ó wá ní ọ̀nà kan wà, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bóyá ó yẹ kéèyàn gbé e lọ síwájú bàbá tó níyì. Ó ní òun máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí gògóńgò ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì gbọ́ ọ̀kan tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ rí. Tí Bàbá bá gbà, òun á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òun á máa fi kọ́ wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lára ẹlòmíràn, bóyá kò ní tíì pẹ́ jù. Òun á sì fún Ìyá Àgbà ní tirẹ̀, kó máa gbọ́.

Ìyá mi, ẹ wo iṣẹ́ tí mo gbé wálé. Bàbá tí mo ní yunifásítì máa jókòó níwájú ohùn rẹ̀, kí n lọ sọ fún un pé ohùn tó bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́. Mo wá àwàdà tí mo máa fi gbé e, mi ò rí. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà.

Bàbá ní kí n jókòó ti òun. Ohùn rẹ̀ ti dà bí ẹní tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ báyìí, èèyàn ní láti sún mọ́ ọn. Ó ní nígbà tóun ń kọ́ ọ̀pẹ gígùn, bàbá òun ò kọ́kọ́ mú òun lọ sídìí ọ̀pẹ. Ó mú òun lọ sílé ọkùnrin kan tó jábọ́, tó ń fi ìdí wọ́, ó ní kí òun jókòó tì í kí òun wò ó. Ó ní ẹni tó jábọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó fẹ́ gùn. Ó ní kí wọ́n wá gbà á.

Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe inú yàrá. Ó ní ìdí ọ̀pẹ òun ni, lójú gbogbo Massè, kí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ò mu nǹkan kan. Ó ní òun máa kígbe òun láti ilẹ̀, kí àwọn obìnrin sì dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Mo dúpẹ́, mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa rí ẹ̀rọ níwájú ẹnu rẹ̀ lónìí. Lọ́la a máa gbé e lọ Kútọnu. Tó bá padà, tí Ọlọ́run bá jẹ́ kó padà, kò ní lóhùn. Ta ni wọ́n máa bi? Èmi náà ni. Wọ́n máa ní àwa rí i pẹ̀lú ojú ara wa. Àbúrò Bàbá ti wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n tètè máa di ẹrù mi. Mo lè sọ pé kí wọ́n má gbà á mọ́, kí n dúró síbí kí n máa ta kpayo mi. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní Bàbá, ẹ má wò mí, ẹrẹ̀ kan ò mọ̀ mí ju òmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí Wàídì gbọ́ ìyẹn náà. Mi ò ta ohùn ẹnì kankan. Àyè mi ní Massè ni mo fi gba ti Bàbá sílẹ̀.

Òjò ti dá báyìí. Láti ojú fèrèsé mo ń rí ìdí ọ̀pẹ náà. Màdáàmù ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, Odíìlì ń wò mí kí n tètè parí. Àwọn èèyàn ti dé, ọ̀pọ̀ ló dúró lókèèrè, àwọn obìnrin fi aṣọ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa dáhùn. Ìyá Àgbà ti jókòó níwájú pátápátá. Ó ní bí gbogbo wọn ò bá dáhùn, òun nìkan tó.

Ìyá mi, tí mo bá tún pè yín lọ́jọ́ kan, tí ohùn náà bá ṣàjèjì létí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ẹ mú sùúrù, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ máa bá mi nínú ẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Ẹ ò ní pè kí ẹ má rí ẹni dá yín lóhùn. Bàbá Àgbà á rìn láìdi ògiri mú, Àǹtí Múlíkà á rí ọmọ pọ̀n tí kò ní fa irun wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, àti onímọ́ínmọ́ín ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, àti Wàídì pàápàá, ẹ ní kó lọ lẹ táyà.

Èmi ni,
Tàjú, ọmọ yín, tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bàbá ti dìde. Ó ń tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe. Mo ti ní kí gbogbo wọn pa fóònù wọn, Ọ̀gá Ìdákẹ́jẹ́ ò sì gbọdọ̀ rú òfin ara rẹ̀. Tí ẹ bá pè, kò ní wọlé. Mo ti pa tèmi.